Lẹ́tà Ṣíṣí Lórí Ewé àti Hóró Tí Wọ́n Ní Ó Ń Pa Ebi

Sí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà. Sí Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó. Sí àwọn alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣómólú àti Agbègbè Ìdàgbàsókè Bàrígà. Àti sí gbogbo atẹ̀wé Ṣómólú.

Ebi kì í ṣe ọ̀ràn ikùn nìkan. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ rẹ̀. Bí ikùn bá ṣófo, yóò tú hòmóònù kan tí àwọn onímọ̀ Japan ṣàwárí lọ́dún 1999, ghrelin, sínú ẹ̀jẹ̀, òun ni yóò sì jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé àkókò oúnjẹ ti tó. Ọ̀rá ara náà ní òjíṣẹ́ tirẹ̀, leptin, tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994: òun ló ń sọ fún ọpọlọ bí oúnjẹ tó wà nípamọ́ ṣe pọ̀ tó. Ìfun pẹ̀lú a máa ránṣẹ́ bí oúnjẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohunkóhun tó bá máa dín ebi kù, ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe oògùn òyìnbó, ọ̀kan nínú ọ̀nà mélòó kan ló gbọ́dọ̀ gbà: kó wú nínú ikùn, kó mú kí oúnjẹ pẹ́ níbẹ̀, kó yí iṣẹ́ hòmóònù padà, tàbí kó kan ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó kẹ́yìn yìí ló léwu jù, nítorí ohun tó bá ń ta ọpọlọ jí kì í sábà fi ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ṣómólú àti Bàrígà gan-an. Láàárọ̀, ìyá alágbo á ti gbé ìgò rẹ̀ kalẹ̀ nítòsí ibùdókọ̀. Egbò, èèpo igi àti hóró gbígbẹ wà lórí àtẹ lẹ́kulẹ́ja nínú ọjà. Ṣọ́ọ̀bù oògùn òyìnbó ń ta tíì inú páálí tí wọ́n ya obìnrin oníbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń rà á báyìí, wọ́n á sì fi alùpùpù gbé e wá bá wọn nílé. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ẹni tó fẹ́ fọn lè pàdé ẹni tó fẹ́ sanra: ọ̀kan wá ra tíì, èkejì wá ra cyproheptadine, oògùn ara yíyún tí àwọn ènìyàn sọ di oògùn àjẹsanra. Àwọn méjèèjì ló yẹ kí ẹnìkan tó mọ̀ nípa ìlera kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ohun méjì mìíràn tún mú kí àdúgbò yìí yàtọ̀. Ṣómólú ni ojúkò iṣẹ́ ìtẹ̀wé nílùú Èkó: lébẹ́ẹ̀lì ara ìgò, páálí, ìwé ìléwọ́, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ń tẹ̀. Akọ́kà tí Yunifásítì Èkó wà sì fara kan Bàrígà tímọ́tímọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ sì wà ní Ìdí-Àràbà tí kò jìnnà. Ibi tí wọ́n ti ń ta egbòogi, ibi tí wọ́n ti ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, ara wọn ni wọ́n ń wò. Síbẹ̀ ìmọ̀ tó wà ní Ìdí-Àràbà kì í dé ara páálí tí Ṣómólú ń tẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ohun kan wà tó yẹ kó hàn kedere nípa àwọn àgbà. Iṣẹ́ tí ìṣègùn Yorùbá mọ̀ jù lórí oúnjẹ ni láti dá ìfẹ́ oúnjẹ padà. Ẹni tí kò lè jẹun, aláìsàn ni. Àgbo kíkorò ni wọ́n ń fún un kí oúnjẹ lè tún wù ú. Ara sísanra kì í ṣe àìsàn lójú wọn, àmì ìgbádùn ni. Nítorí náà, bí lébẹ́ẹ̀lì bá ń pariwo pé ọwọ́ àwọn baba ńlá ni òun ti gba oògùn ìfọnra, ó tọ́ kí òǹrajà béèrè pé ewé wo ni, ìlú wo ni wọ́n ti ń lò ó, àìsàn wo ni wọ́n sì fi ń wò.

Èyí tó dájú pé àwọn àgbà mọ̀ ni obì. Ọdẹ àdúgbò a máa jẹ gbànja di ìdájí. Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn a máa fi sẹ́nu. Àwọn oníṣòwò sì ti ń kó o láti inú igbó lọ sí ilẹ̀ Haúsá àti aṣálẹ̀ tipẹ́tipẹ́, nítorí ó ń jẹ́ kí oorun, àárẹ̀ àti ebi ṣeé fara dà. Kaféènì inú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìsinmi wákàtí díẹ̀ ni, kì í ṣe ìtọ́jú ara sísanra, kò sì yẹ kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru sọ ọ́ di oúnjẹ àárọ̀.

Nínú gbogbo igi ilẹ̀ wa, òro ni orúkọ rẹ̀ jìnnà jù lórí ọ̀ràn ìfọnra. Irvingia gabonensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Hóró rẹ̀ ni Ìgbò ń pè ní ogbono, òun náà ni Yorùbá fi ń se ọbẹ̀ ààpọ̀n tí ará Oǹdó kì í fi ṣeré. Ní Amẹ́ríkà, African mango ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ní 1990, àwọn onímọ̀ Nàìjíríà mẹ́ta, Adamson, Okafor àti Abu-Bakare, gbé iṣẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: wọ́n fi hóró òro kún ìtọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń wò nígbà náà. Kò sí ẹni tó tíì ń sọ̀rọ̀ ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́.

Kamẹrúùnù ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Judith Ngondi, Julius Oben àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Yaoundé I kó ogójì ènìyàn tó sanra jọ, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 2005. Méjìdínlọ́gbọ̀n nínú wọn ń lo hóró òro, gíráàmù kan ó lé díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́; àwọn méjìlá yòókù ń lo ohun mìíràn tó jọ ọ́ tí kò ní òro nínú. Lẹ́yìn oṣù kan, ìwọ̀n àwọn tó lo òro ti fi 5.26 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ti àwọn yòókù fi 1.32 dín. Ẹni tó bá ti se ààpọ̀n rí lè fojú inú wo ìdí rẹ̀. Fáíbà tó ń mú ọbẹ̀ náà yọ̀ a máa fa omi mọ́ra nínú ikùn, a máa mú kí oúnjẹ rọra lọ, kí ṣúgà sì rọra wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí oúnjẹ ṣì wà ní ikùn rẹ̀ kì í tètè wá òmíràn.

Ní 2009, àwọn kan náà tẹ iṣẹ́ kejì jáde, lórí ènìyàn 102. Èyí kì í ṣe ìyẹ̀fun hóró mọ́. Ohun tí wọ́n fà yọ láti inú rẹ̀ ni, tí wọ́n sọ ní IGOB131, mílígíráàmù 150 ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn tó lò ó fi nǹkan bí kílò 12.8 fọn, àwọn tí kò lò ó kò fi tó kílò kan. Láti ìgbà náà ni ọjà ti gba òro mọ́ àwọn onímọ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí irú èsì ńlá bẹ́ẹ̀, láti inú oògùn tí kò tó ìdajì gíráàmù lójúmọ́, múni ṣọ́ra kó tó múni yọ̀. Ní 2013, Igho Onakpoya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo àdánwò tó wà lórí òro jọ. Mẹ́ta péré ló kúnjú ìwọ̀n, àwọn mẹ́ta náà sì ní àbùkù nínú bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n àti bí wọ́n ṣe ròyìn wọn. Ìdájọ́ wọn ni pé kò tíì sí ẹ̀rí tó tó láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó máa lo òro láti fọn.

Ìdájọ́ náà tọ́. Ó sì tún yẹ kí aláàpọ̀n àti òǹjẹ mọ̀ pé ọbẹ̀ kì í ṣe oògùn tí wọ́n lò ní Yaoundé. Ohun tó ju ìdajì hóró òro lọ ló jẹ́ ọ̀rá. Ẹni tó bá da ààpọ̀n oníẹran àti epo pupa lé ẹ̀bà kíkún, tó ní òun ń fọn, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ọbẹ̀ náà dára, ó yẹ ní jíjẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ ẹ́ bí oúnjẹ.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ Bàrígà jù lọ ni abẹẹrẹ, hóró igi tí orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Hunteria umbellata, tí lẹ́kulẹ́ja máa ń tà fún alátọ̀gbẹ. Adejuwon Adeneye ti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn onímọ̀ oògùn láti Ìdí-Àràbà, Adeyemi àti Agbaje, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2010 lórí ohun tí omi hóró abẹẹrẹ ń ṣe sí ara sísanra àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá náà dín kù, ìwọ̀n ara pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí wọ́n yọ èròjà kan jáde nínú hóró náà, erinidine, tó jọ pé ó ń dí ṣúgà lọ́wọ́ láti wọ ara láti inú ìfun. Iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ó sì yẹ kí ìjọba Èkó fi í yangàn. Ṣùgbọ́n èkúté ni wọ́n fi ṣe é. Èkúté tó gba ìwọ̀n pàtó lójoojúmọ́ nínú àgò, lábẹ́ ìṣọ́, kì í ṣe ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń mu ún láti inú ìgò tí kò sí ẹni tó mọ bó ṣe ki tó, pẹ̀lú oògùn àtọ̀gbẹ tí dókítà ti kọ fún un. Bí àwọn méjèèjì bá fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè dákú sílé.

Ẹ̀tàn kan wà tó ń ti inú orúkọ wá. Orógbó ni Garcinia kola. Nínú ayé ìfọnra, igi mìíràn láti Éṣíà, Garcinia cambogia, ló lókìkí, nítorí èròjà inú èèpo èso rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hydroxycitric acid. Ẹbí kan náà ni wọ́n, èròjà wọn kò jọra, kò sì sí ẹni tó lè fi okìkí ọ̀kan ta èkejì láìparọ́. Okìkí náà gan-an kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ní 1998, Steven Heymsfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í wo ènìyàn 135 ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ méjìlá; àwọn tó lò ó kò fọn ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Ìtàn tó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ jù lọ wá láti gúúsù Áfíríkà. Ní aṣálẹ̀ Kalahari, àwọn ọdẹ ìran San ti ń gé ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún kan, Hoodia gordonii, jẹ nígbà tí wọ́n bá ń tọ ẹran fún ọjọ́ pípẹ́ láìsí oúnjẹ. Àwọn onímọ̀ CSIR, ilé ìwádìí ìjọba South Africa, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 1963, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ oníhun lórí èròjà inú rẹ̀ ní nǹkan bí 1995. P57 ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Phytopharm ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láṣẹ lórí rẹ̀, Phytopharm sì mú Pfizer wọ̀ ọ́. Nínú gbogbo ìdúnàádúrà yìí, kò sí ẹni tó bi àwọn San léèrè. Ìgbà tí ìwé ìròyìn Observer kọ nípa rẹ̀ ní 2001 ni ayé gbọ́ pé ọ̀gá Phytopharm gbà pé ìran náà ti pa rẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló wà láàyè ní South Africa, Namibia àti Botswana. Àwọn San gba agbẹjọ́rò. Ní oṣù kẹta ọdún 2003, CSIR fọwọ́ sí ìwé pé wọn yóò máa gba ìpín mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó tí CSIR bá ń gbà bí iṣẹ́ bá ṣe ń tẹ̀ síwájú, àti ìpín mẹ́fà nínú owó oníhun bí oògùn bá dọ́jà.

Oògùn náà kò dọ́jà. Pfizer kúrò nínú rẹ̀ ní 2003. Unilever gbà á ní 2004, ó fẹ́ fi í sínú ohun mímu, ó sì pa á tì ní 2008. Nígbà tí èsì ìwádìí Unilever jáde ní 2011, ìdí rẹ̀ hàn. Obìnrin mọ́kàndínláàádọ́ta ni wọ́n fi ṣe é, fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó mu Hoodia kò jẹun kéré sí àwọn tí kò mu ún. Ohun tí wọ́n rí gbà ni èébì, ara tó ń ta wọ́n bí ẹni tí èèrà ń rìn lára rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó lọ sókè, ọkàn tó ń yára lù, àti àmì pé ẹ̀dọ̀ ń jìyà. Bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ọlọ́jà ń ta Hoodia fún gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọdẹ tó ń gé e jẹ ní Kalahari kò purọ́. Ó ń lò ó bí ìrìn-àjò bá le, ní tútù, ní ìwọ̀nba, ara rẹ̀ sì gbẹ. Gbígbé èròjà kan kúrò nínú irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di kíki, kí wọ́n sì máa fi fún ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́, nǹkan mìíràn ni. Ẹni tó bá ń sọ pé egbòogi kò lè pani lára nítorí pé àwọn àgbà lò ó, kó fi èyí sọ́kàn.

Àwọn egbòogi tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti inú hóró Griffonia simplicifolia tí wọ́n ń kó jáde láti Ghana ni wọ́n ti ń yọ 5-HTP. Ní 1992, àwọn onímọ̀ Ítálì, Cangiano àti ẹgbẹ́ rẹ̀, rí i nínú ogún ènìyàn pé ó dín oúnjẹ kù, pàápàá oúnjẹ afáralókun. Ogún ènìyàn kéré. Ephedra ti ilẹ̀ Ṣáínà dín ebi kù lóòótọ́, ó sì ba ọkàn jẹ́ débi pé Amẹ́ríkà fòfin dè é nínú oògùn ìfọnra ní 2004. Ní ti àsùnwọ̀n, tó wà nínú ọ̀pọ̀ tíì ìfọnra lábẹ́ orúkọ senna, kò kan ebi rárá: ìgbẹ́ ló ń mú ni yà. Omi ni ara ń sọ nù, kílò tó lọ a sì padà wá bí ènìyàn bá ti mu omi. Ẹni tó bá ń mu ún fún oṣù gbọọrọ lè pàdánù pótásíọ́mù tí ọkàn nílò láti lù dáadáa.

Èyí tó burú jù ni èyí tí kì í ṣe ewé rárá. Sibutramine jẹ́ oògùn òyìnbó tó ń pa ebi. Nígbà tí ó hàn pé ó ń fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní 2010. Láti ìgbà náà, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà ti rí i léraléra nínú tíì, kọfí àti kápúsù tí wọ́n kọ «ewé lásán» sí lára. Bí egbòogi ìfọnra kan bá ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ó yẹ kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò kí wọ́n tó yìn ín.

Òfin wà, ṣùgbọ́n kò dé ojú òǹrajà. NAFDAC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993 máa ń fún egbòogi ní nọ́ńbà tó parí sí lẹ́tà L, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ìlérí inú rẹ̀ wò. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀, kò sọ pé ó ń mú ni fọn. Ní Bàrígà, ẹni tó bá rí NAFDAC lára páálí gbà pé ìjọba ti jẹ́rìí sí gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ náà wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kéré débi pé gíláàsì ni àgbà yóò fi kà á.

Ọ̀ràn oníhun náà kò jìnnà sí wa. Oògùn àrùn sickle cell tí wọ́n ń pè ní NICOSAN, tí wọ́n gbé jáde ní 2006, inú ìmọ̀ ìdílé Yorùbá kan ló ti wá, ìdílé Rẹ́fúrẹ́ńdì Ogunyale; iyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Ilé ìwádìí NIPRD ní Àbújá bá ìdílé náà ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó lọ jìnnà. Àwọn San kò rí irú èyí àfìgbà tí wọ́n pariwo. Kò yẹ kí abẹẹrẹ tàbí òro tún gba ọ̀nà àwọn San.

Nítorí náà, kí NAFDAC mú kí gbogbo egbòogi ìfọnra tí wọ́n ń tà ní Èkó kọ orúkọ igi inú rẹ̀ ní Yorùbá àti ní orúkọ ìmọ̀, ẹ̀yà igi tí wọ́n lò, ìwọ̀n rẹ̀, àti bóyá ara ènìyàn ni wọ́n ti dán an wò tàbí ara èkúté. Kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ náà ní Yorùbá, kó tóbi tó orúkọ ọjà. Kí àjọ náà máa ra tíì ìfọnra ní Ṣómólú àti Bàrígà láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì wá sibutramine nínú wọn. Kí Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn alágbo àti lẹ́kulẹ́ja, kí wọ́n má ṣe lé wọn bí ọ̀daràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ewé dáadáa, wọ́n sì lè tọ́ka sí àwọn tó ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Kí Yunifásítì Èkó máa bá wọn mọ igi tó wà lórí àtẹ, kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì fowó sí ìwádìí abẹẹrẹ lára ènìyàn, pẹ̀lú àdéhùn ìpín fún àwọn tí wọ́n gba ìmọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí àwọn alága méjèèjì pàṣẹ fún ilé ìlera alábọ́ọ́dé wọn láti máa bi gbogbo alátọ̀gbẹ àti ẹlẹ́jẹ̀ ríru léèrè, láìbú wọn, irú àgbo tí wọ́n ń mu. Kí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú sì máa béèrè ìwé àṣẹ NAFDAC kí wọ́n tó tẹ páálí egbòogi kankan. Bí kò bá sí ìwé, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́.